Àlejò Kan Ní Ìlú Akron: Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Gbogbo àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí la mọ ìtumọ̀ òwe náà, nítorí kò sí ẹni tí kò ṣe àlejò rí nínú wa. Ẹni tó dé ìlú onílùú tí kò ní ẹbí nítòsí, tí iṣẹ́ kò sì lọ déédéé, ọtí a máa tètè di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni ìtàn yìí dá lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ọtí kì í ṣe tuntun sí wa. Àwọn baba wa sọ pé Ọbàtálá ni Olódùmarè rán láti wá dá ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Mímọ̀ pé ọtí kò yẹni kò ṣòro. Bí a ṣe ń jáwọ́ nínú rẹ̀ ni iṣẹ́.

Bill Wilson, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1895, rí iṣẹ́ náà. Òwò ló ń ṣe ní New York kí ọtí tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó wọ ilé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, oṣù Kejìlá ọdún 1934 ló sì mu ọtí kẹ́yìn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, òwò gbé e dé Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Ó ku òun nìkan ní hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú owó díẹ̀, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń mutí nítòsí. Kò wọlé tọ̀ wọ́n. Ìdí tẹlifóònù ló lọ, ó ń wá àlùfáà tó lè júwe ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí òun bá ń gbìyànjú láti ran ọ̀mùtí mìíràn lọ́wọ́, ọtí kì í fa òun.

Ìpè náà ló mú un dé ọ̀dọ̀ ìyáàfin Henrietta Seiberling, tó mú un mọ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ni wọ́n pàdé. Dókítà ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun yóò lò. Wọ́n lo ju wákàtí 6 lọ. Bill kò wàásù fún un. Ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí ló sọ. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Síbẹ̀, Dókítà Bob tún padà ṣubú nígbà tó lọ sí ìpàdé àwọn dókítà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1935 ni wọ́n kà sí ọjọ́ tó mu ọtí kẹ́yìn, òun náà sì ni ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous. Láìpẹ́, àwọn méjèèjì lọ bá lọ́yà kan lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì di ẹnì kẹta wọn. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1939 ni ẹgbẹ́ náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941, wọ́n tó nǹkan bí 2,000. Nígbà tí ọdún náà fi parí, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn The Saturday Evening Post kọ nípa wọn, wọ́n ti di nǹkan bí 8,000. Ní ọdún 1951, Lois ìyàwó Bill àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Al-Anon sílẹ̀ fún ẹbí àwọn ọ̀mùtí. Dókítà Bob kú ní ọdún 1950, Bill ní ọdún 1971. Kò sí èyí tó tún fẹnu kan ọtí. Lónìí, ẹgbẹ́ náà wà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 180, Nàìjíríà àti Gánà sì wà nínú wọn.

Ẹni tó bá ń wá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kó ṣe bíi ti Bill: kó béèrè. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn, lọ́wọ́ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, tàbí kí ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan tó, ẹ sì lè jókòó gbọ́ láìsọ̀rọ̀. Ìfẹ́ láti jáwọ́ ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mutí gan-an lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, kó rí dókítà kó tó dáwọ́ dúró lójijì, nítorí gìrì tó lè pani lè tẹ̀lé e.

Àwa náà ní ipa tiwa. Níbi ìsọmọlórúkọ àti ìpàdé wa, bí ẹnì kan bá ní òun kò mu, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lé e padà sídìí ìgò. Bí ìlú tí ẹ wà kò bá sì ní irú ìpàdé yìí, ẹ rántí pé ẹni méjì péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àlejò.