Ìgbà Tí Kétu Wà Lábẹ́ Ouémé



Ẹ ṣí àpótí yín, kí ẹ mú ìwé ìbí àtijọ́ jáde. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ ka òkè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé nǹkan bí ọdún 1980, ẹ lè rí i pé wọ́n kọ Ouémé síbẹ̀. Ẹ óo béèrè pé: "Ṣé kì í ṣe Plateau ni Kétu wà ni? Ṣé ìwé yìí parọ́ ni?" Rárá o, kò parọ́. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí.

Ní ọdún 1980, nígbà ìjọba Kérékou, ẹkùn 6 ni ilẹ̀ Benin ní: Atakora, Atlantique, Borgou, Mono, Ouémé àti Zou. Province ni wọ́n ń pe ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Odò ńlá kan ni wọ́n fi sọ Ouémé lórúkọ. Abẹ́ rẹ̀ ni Kétu wà. Àjàṣẹ́ ni olú ìlú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni préfet, ọ̀gá ẹkùn, wà. Ọ̀nà náà jìn. Ará Kétu yóò kọjá ní Pobè àti Sakété kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1999, òfin tuntun sọ ẹkùn 6 di 12. Wọ́n pín Ouémé sí méjì. Àjàṣẹ́ ṣì wà ní Ouémé. Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè di Plateau. Ìtumọ̀ Plateau ni ilẹ̀ gíga tí orí rẹ̀ tẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni òfin, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, préfet kan ṣoṣo ló ń ṣe olórí ẹkùn méjèèjì. Ọdún 2016 ni Plateau tó ní préfet tirẹ̀, tí Pobè sì di olú ìlú. Ìrìn ará Kétu wá dín kù.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn aláṣẹ pín ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ẹbí ṣì ń jẹ́ ẹbí, Àkàbà Ìdènà kò sì kúrò níbi tó wà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fa ìwé àtijọ́ ya. Ẹ má sì ṣe pa Ouémé rẹ́ kí ẹ kọ Plateau sí i. Ìwé tí a fọwọ́ yí lè kó bá ọmọ yín lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìwé nǹkan bí ọdún 1980, Ouémé ló tọ́.