Àwọ̀ Fóònù: Ta Ni Ó Ń Yàn?

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Ti fóònù kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé iPhone kìn-ín-ní jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, kò sí àwọ̀ tí a ń ṣà: iwájú rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bíi fàdákà. Ní ọdún 2008, wọ́n ṣe ẹlẹ́yìn dúdú àti ẹlẹ́yìn funfun; ṣùgbọ́n oní-16GB nìkan ni ó ní funfun, ó sì fi dọ́là 100 wọ́n ju oní-8GB lọ. Ẹni tí ó fẹ́ funfun ní láti ra àyè tí ó ṣeé ṣe kí ó má nílò.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010 ni iPhone 4 dúdú dé ọjà. Ti funfun kò dé títí di oṣù Kẹrin ọdún 2011. Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà. Síbẹ̀, àwọn kan fi oṣù mẹ́wàá dúró dè é.

A kò bú wọn. Nínú aṣọ ẹbí, àwọ̀ ni a fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ tiwa. Nínú fóònù, àwọ̀ ni olúkúlùkù fi ń ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí ni ó ń yan àwọ̀ aṣọ ẹbí. Àwọ̀ fóònù, ọlọ́jà ti yàn án kí àwa tó yàn.