Òmìnira Inú Ìwé Òfin àti Òmìnira Ojú Fọ́tò

Bí olùkọ́ kan ní Odòdé, ní ìlú Ìdànrè, bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà díje, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ya fọ́tò òmìnira kan tí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà fún ọmọ ìlú, iṣẹ́ tí ó gbé lé wọn lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Òkè ṣeé yà. Ọjà ṣeé yà. Àtẹ̀gùn tí ipele rẹ̀ lé ní 600, tí ó gun òkè lọ sí ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ ní 1923, ṣeé yà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òmìnira kò ní ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní imú. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i? Ìtàn orílẹ̀-èdè yìí ni ó lè dáhùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan tí Henry Willink jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí ohun tí ó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá lọ tán, àwọn ẹ̀yà ńlá yóò tẹ̀ wọ́n rì. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà pé dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ní 1958, ó dámọ̀ràn pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin ìpìlẹ̀. Báyìí ni ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ṣe wọ inú òfin tí Nàìjíríà fi gba òmìnira ní 1960. Nínú òfin 1999, orí kẹrin ni wọ́n wà: abala 38 dáàbò bo èrò, ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn, abala 39, ọ̀rọ̀ sísọ, abala 40, ìpéjọpọ̀, abala 41, ìrìn àjò láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìbẹ̀rù ni ó bí ìkọsílẹ̀ wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán an wò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 1960, nígbà tí òmìnira kò tí ì pé oṣù méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wọ́ lọ sí ilé aṣòfin ní Èkó láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1962, a fagi lé àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń dùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 1971, ìbọn ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjú nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹrin 1978, nígbà tí ìjọba fi kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún jáde. Àwọn kan kú, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn.

Ìwé pàápàá kò dúró síbi kan. Ní 1966 àti ní ìparí 1983, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì fún òfin tiwọn lágbára ju òfin ìpìlẹ̀ lọ. Òfin ológun kẹrin ti 1984 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé ìròyìn tí ó lè kó ẹ̀gàn bá òṣìṣẹ́ ìjọba jáde. Òfin yìí ni a fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n. Ìwé òfin ṣeé gbé tì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ti rí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ojú. Peter Obe, ayafọ́tò Daily Times, kó fọ́tò rògbòdìyàn àti ogun abẹ́lé jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 1971. Àwọn tí a kò tí ì bí nígbà náà lè wò ó lónìí. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Bí ó ti wù kí ó rí, fọ́tò pẹ̀lú ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, àwòrán wà lára ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ Èkó yẹ̀ wò. Síbẹ̀, awuyewuye kò tán. Nítorí náà, fọ́tò tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ibi, tí a kò sì mọ ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a gé e kù sí, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀tọ́ kan kò sì gbọdọ̀ jẹ òmíràn run: abala 37 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú nínú ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ́ ya aládùúgbò lójú fèrèsé láti fi gba ẹ̀bùn òmìnira ti tẹ òmìnira mọ́lẹ̀.

Nígbà náà, kí ni ó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ Odòdé láti yà? Ilé ẹjọ́ àtijọ́ ń bẹ lórí Òkè Ìdànrè. Ó lè múni ronú lórí abala 36, tí ó ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ọdún Orósùn ń bẹ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ń bẹ: abala 38 nìyẹn. Ìpàdé ìlú tí obìnrin kan ti dìde, tí ó ń sọ ohun tí àwọn àgbà kò fẹ́ gbọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì pa á lẹ́nu mọ́, abala 39 ni. Ní 2007, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé ọmọ ìlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí ó tó ṣe ìwọ́de àlàáfíà. Ìdájọ́ yìí kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀kọ́ tí ìdíje báyìí lè kọ́ni ju ẹ̀bùn rẹ̀ lọ nìyí: kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ya ẹ̀tọ́ kan, yóò kọ́kọ́ kà á, yóò sì wá ibi tí wọ́n ti ń lò ó láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ó bá wá a títí tí kò rí i, kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ó sì gbé e wá sí kíláàsì fún ìjíròrò.