Fífi àmì ibùdó GPS sínú àwòrán

Fífi àmì ibùdó sínú àwòrán ni ìlànà tí a fi ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán kan sínú fáìlì àwòrán náà fúnra rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè fi í hàn ní ojú ibi tí ó jẹ́ tirẹ̀ lórí máàpù. Ohun tí a ń kọ sínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ti àdúgbò. Nọ́ńbà méjì ni: ìkínní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé ní ìhà àríwá tàbí gúúsù (ìlà ìbú), ìkejì sì ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà Greenwich ní ìhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn (ìlà òró). Fún àpẹẹrẹ, ìlú Ilé-Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní nǹkan bí dígírì 7.48 ní àríwá àti dígírì 4.56 ní ìlà-oòrùn.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ohun méjì ni ó ní láti pàdé kí irú àwòrán báyìí tó lè wà: ẹ̀rọ tí ó mọ ibi tí òun wà, àti fáìlì tí ó ní àyè fún ìwífún náà. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó ṣe èkínní. Ọdún 1978 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfurufú, ọdún 1995 ni wọ́n sì kéde pé gbogbo ètò náà ti pé. Nítorí pé iṣẹ́ ológun ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ìpéye rẹ̀ kù fún àwọn ará ìlú, débi pé ibi tí ẹ̀rọ bá tọ́ka sí lè fi 100 mítà yẹ̀ sí ibi tí ẹni náà dúró sí gan-an. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ èyí dúró. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ológun ti lè sọ ilé tí ó wà, kì í ṣe àdúgbò nìkan. Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù pẹ̀lú ti ní sátẹ́láìtì tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní GLONASS, BeiDou àti Galileo, fóònù òde òní sì máa ń gbọ́ ti gbogbo wọn pọ̀.

Èkejì, ìyẹn fáìlì, wá láti Japan. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí a mọ̀ sí JEIDA ni ó gbé ìlànà Exif jáde ní ọdún 1995, wọ́n sì wá fi àyè fún ibùdó kún un nínú àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Exif ni ìwífún tí kámẹ́rà ń kọ sẹ́yìn àwòrán láìjẹ́ kí ó hàn lójú rẹ̀: ọjọ́, wákàtí, irú kámẹ́rà, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Bí àwọn òbí wa ṣe máa ń fi bírò kọ déètì àti orúkọ ìlú sí ẹ̀yìn fọ́tò náà ni Exif rí, àfi pé kámẹ́rà ni ó ń dá a kọ.

Ọ̀rọ̀ síso àwòrán mọ́ ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní agbègbè Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Láti ọdún 1972 ni RECTAS, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìmọ̀ wíwọn ilẹ̀ láti inú àwòrán tí a yà láti ojú òfurufú, ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (tí orúkọ rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀). AFRIGIST ni orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí. Ní ọdún 1998, ARCSSTE-E, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tún bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Nígbà tí Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì ayàwòrán tirẹ̀, NigeriaSat-1, ránṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, iṣẹ́ tí a ti ń kọ́ ni ní Ifẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe: kí a mọ apá ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ lórí ilẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ibi tí ó wà

Ó kéré tán, sátẹ́láìtì GPS 24 ni ó ń yí ayé po ní òkè tí ó tó nǹkan bí 20,200 kìlómítà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde àkókò tí ó wà lójú aago rẹ̀ àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa yóò gbọ́ ìkéde náà, yóò fi bí ó ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà ṣe ìṣirò bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó, bí ó bá sì ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti lè mọ ibi tí ó wà àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé GPS ń jẹ dátà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Kò sọ nǹkan kan padà fún sátẹ́láìtì. Ohun tí dátà ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí fóònù tètè mọ ibi tí àwọn sátẹ́láìtì wà lójú ọ̀run. Láìsí ìyẹn, láti ẹnu sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ, èyí tí ó ń gba 30 ìṣẹ́jú àáyá fún sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan, tí àkọsílẹ̀ gbogbo wọn pátápátá sì ń gba ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀. Ìdí nìyí tí fóònù tí dátà rẹ̀ ti tán, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, fi lè ya àwòrán àkọ́kọ́ láìní àmì ibùdó kankan.

Ní gbangba, ìpéye fóònù máa ń tó nǹkan bí mítà 5. Lábẹ́ òrùlé páànù, nínú oko kòkó tí ewé bo òkè rẹ̀, tàbí láàárín ilé gíga méjì, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìkéde sátẹ́láìtì kò lágbára, ó sì máa ń ta lára ògiri kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ojúbọ tàbí àgbàlá inú ilé yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́kọ́ dúró níta fún ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi àmì náà sínú àwòrán

Lórí fóònù, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ ju kí a gba kámẹ́rà láàyè láti lo ibùdó lọ. Kámẹ́rà ńlá ni ó le. Díẹ̀ nínú wọn ní GPS nínú, bíi Canon EOS 6D ti ọdún 2012 àti Nikon D5300 ti ọdún 2013. A lè so ẹ̀rọ GPS kékeré mọ́ àwọn mìíràn lórí, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà tuntun púpọ̀ lè gba ibùdó láti ọ̀dọ̀ fóònù tí ó wà nínú àpò ayàwòrán nípasẹ̀ Bluetooth.

Ọ̀nà tí kò náni lówó ni kí fóònù máa kọ ìrìn ẹni sílẹ̀ nínú fáìlì GPX ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ya àwòrán. Lẹ́yìn èyí, ètò kọ̀ǹpútà bíi ExifTool tàbí digiKam, tí méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò fi wákàtí tí ó wà nínú àwòrán wé wákàtí tí ó wà nínú GPX, yóò sì mú ibùdó tí ó bá a mu.

Aago ni ó máa ń ba èyí jẹ́. Fáìlì GPX ń lo àkókò àgbáyé, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ láti oṣù Kínní dé oṣù Kejìlá. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ya ilé alámọ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní agogo 10 òwúrọ̀, tí ó sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Agogo 9 ni GPX kọ sílẹ̀ fún àkókò tí ó ya àwòrán náà. Bí kò bá sọ fún ètò náà pé aago Nàìjíríà ni kámẹ́rà òun ń lò, agogo 10 ni ètò náà yóò lọ wá nínú GPX, èyí tí í ṣe agogo 11 lójú aago wa, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń sún mọ́ Ìkirè. Ilé alámọ̀ Modákẹ́kẹ́ yóò wá bọ́ sáàárín àwọn tí ń ta dòdò Ìkirè lójú títì. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí a fi kámẹ́rà ya ojú fóònù tí ó ń fi àkókò àgbáyé hàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín aago inú àwòrán náà àti ti Exif rẹ̀ ni a ó fi tún gbogbo ìyókù ṣe, ìbáà jẹ́ wákàtí kan tàbí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Exif kì í kọ àmì àyọkúrò sí iwájú nọ́ńbà. Lẹ́tà ni ó fi ń sọ bóyá àríwá ni tàbí gúúsù, ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Bí lẹ́tà ìlà-oòrùn bá di ti ìwọ̀-oòrùn, àwòrán tí a yà ní Ifẹ̀ yóò bọ́ sí àárín Côte d'Ivoire. Bí a bá gbé ìlà ìbú sí ipò ìlà òró, etíkun Ìpínlẹ̀ Rivers ní agbègbè Opobo ni yóò lọ. Bí ẹ̀rọ kò bá sì mọ nǹkan kan tí ó kọ òdo àti òdo, inú omi Òkun Gini ni àwòrán náà wà, níbi tí àìmọye àwòrán láti gbogbo ayé ti pàdé fún ìdí kan náà.

Iye nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì náà ní ìtumọ̀. Dígírì kan ìlà ìbú tó nǹkan bí 111 kìlómítà. Nọ́ńbà méjì lẹ́yìn pọ́ìǹtì ń fúnni ní nǹkan bí kìlómítà kan, èyí tí kò tó láti fi mọ ilé tí ó wà ní Modákẹ́kẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní Ifẹ̀. Mẹ́rin ń fúnni ní mítà 11, márùn-ún ń fúnni ní mítà kan. Fóònù tí ó kọ mẹ́jọ kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà. GPS ń lo ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí a ń pè ní WGS 84, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ máàpù ìjọba àti ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ni a wọn láti orí ìpìlẹ̀ Minna, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ìlú Minna ní Ìpínlẹ̀ Niger. Nọ́ńbà kan náà lórí ìpìlẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ojú ilẹ̀ kan náà. Ní apá Ọ̀ṣun, ìyàtọ̀ náà lè sún mọ́ 100 mítà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán fóònù jà fún ààlà ilẹ̀ ní láti mọ èyí kí ó tó débẹ̀.

Ibùdó kámẹ́rà, ibùdó ohun tí a yà, àti orúkọ

Ibi tí ayàwòrán dúró sí ni GPS ń kọ, kì í ṣe ibi tí ohun tí ó yà wà. Fún Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tí a yà láti ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀. Fún òkè tí a yà láti ọ̀nà jíjìn, ìyàtọ̀ lè jẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà. Wikimedia Commons ní àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì, ó sì yẹ kí a má dà wọ́n pọ̀.

Orúkọ ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń yí nọ́ńbà méjì náà padà sí orúkọ, wọ́n a sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán bí ẹni pé GPS ni ó sọ ọ́. GPS kò mọ orúkọ ibì kankan. Àkójọ orúkọ kan ni áàpù náà wò, ó sì mú èyí tí ó sún mọ́ jù tàbí èyí tí ààlà tí wọ́n yà sórí rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ní Modákẹ́kẹ́, àkójọ kan lè kọ Modákẹ́kẹ́, òmíràn lè kọ Ilé-Ifẹ̀, òmíràn a sì kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tẹ Modákẹ́kẹ́ dó, ìjà láàárín ìlú méjèèjì sì wáyé lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, tí ẹ̀mí púpọ̀ bá lọ, lórí ibi tí olú ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ni ó ti ṣẹ́ yọ. Níbi tí ènìyàn ti kú nítorí ibi tí a fi ilé-iṣẹ́ sí, a kò lè fi ọ̀rọ̀ ohun tí ìlú ń jẹ́ sílẹ̀ fún áàpù tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó bójú mu ni kí a fi nọ́ńbà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì fi ọwọ́ ara wa kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibẹ̀ sínú àlàyé àwòrán. OpenStreetMap wà ní ṣíṣí fún ẹnikẹ́ni tí ó mọ àdúgbò láti tún orúkọ tí kò tọ̀nà ṣe.

Ewu

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Belize ń wá oníṣòwò kọ̀ǹpútà John McAfee, ìwé ìròyìn Vice gbé àwòrán rẹ̀ jáde láìyọ àmì ibùdó kúrò nínú rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ pé Guatemala ni ó wà.

Facebook àti Instagram máa ń yọ àmì náà kúrò nínú àwòrán tí àwọn ènìyàn yóò rí. WhatsApp pẹ̀lú ń yọ ọ́ bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lásán, ṣùgbọ́n bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé kí ó má bàa ṣú, àmì ibùdó yóò bá a lọ. Wikimedia Commons kì í yọ nǹkan kan. Àwòrán ọmọ tí a yà ní iwájú ilé ń sọ ilé náà. Àwòrán ère àtijọ́ ní ojúbọ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ń fi ọ̀nà han olè. Fún irú èyí, kí a pa nọ́ńbà méjì péré mọ́ lẹ́yìn pọ́ìǹtì, tàbí kí a yọ gbogbo rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ibùdó mọ́ ara ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀.

Àwòrán àtijọ́

Àwòrán tí a yà kí GPS tó dé pẹ̀lú lè gba àmì ibùdó. Ẹni tí ó mọ ibẹ̀ yóò tọ́ka sí i lórí máàpù, ètò kọ̀ǹpútà yóò sì kọ ọ́ sínú fáìlì tí a fi fọ́tò náà ṣe. Àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníje ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938 ti kúrò níbi tí a ti rí wọn, ṣùgbọ́n agbo ilé náà ṣì ṣeé tọ́ka sí. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Èkó, tí ìjọba ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ni wọ́n wó ní ọdún 2016. Nísinsìnyí, àwòrán nìkan ni ó lè fi ojú ibi tí ó dúró sí hàn. Irú àmì tí a fi ọwọ́ kọ báyìí gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ènìyàn ni ó tọ́ka sí i, àti ọjọ́ tí ó tọ́ka sí i, nítorí pé nínú Exif, nọ́ńbà tí sátẹ́láìtì fúnni àti èyí tí a fi ìrántí gbé kalẹ̀ kò yàtọ̀ lójú.