Ọ̀rọ̀ aṣínà

Nígbà mìíràn, ẹni tó bá ní òun yí “orúkọ Wi-Fi” padà, páswọ́ọ̀dù ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìyẹn: a-, ṣí, ọ̀nà, ohun tó ń ṣí ọ̀nà. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ o, aṣìnà ni ẹni tó sọnù!

Bí àpẹẹrẹ: “Màmá, mo ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi wa padà, ẹ jẹ́ kí n tún fóònù yín so mọ́ ọn.”

Gbogbo àdúgbò ló ń rí orúkọ Wi-Fi. Ọ̀rọ̀ aṣínà, tí kì í dín ní àmì 8 lábẹ́ WPA2, ti ará ilé ni. Ìyẹn tó ń ṣí ètò inú ráútà tún yàtọ̀. Bí ẹ bá yí orúkọ nìkan, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ yóò kàn tẹ orúkọ tuntun, yóò fi ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn sí i, yóò sì wọlé.