Aṣọ Ọmọdé, Àkísà Àgbà: Àwọn Ọ̀dọ́ Awakọ̀ Eré Ìje

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, bí ẹni pé ohun tó ń sọ kò ju pé kí ọmọdé lọ jókòó títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Èmi rò pé ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ tí a rà lọ́dún yìí lè di àkísà kí ọdún tó yípo bí a bá ń wọ̀ ọ́ roko lójoojúmọ́. Èyí tó sùn sínú àpótí fún ogún ọdún ṣì lè máa dán. Lílò ló ń sọ aṣọ di àkísà. Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí rẹ̀ jù lọ ni pápá eré ìje ọkọ̀ Formula One, níbi tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ti ń bá àwọn tó lè bí wọn lọ́mọ du ipò kìíní.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ní Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, Max Verstappen borí. Ọmọ ọdún 18 ni, ọjọ́ náà sì ni ó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ Red Bull díje. Kò tíì sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó borí nínú Formula One rí. Àwọn kan ní oríire lásán ni, nítorí pé Lewis Hamilton àti Nico Rosberg, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ Mercedes tó wà níwájú, kọlu ara wọn ní àyípo àkọ́kọ́, tí àwọn méjèèjì sì jáde. Lóòótọ́, ọ̀nà là fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ọ̀nà náà ṣe. Àyípo 66 ni eré ọjọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n dé àyípo 34 ló pààrọ̀ táyà kẹ́yìn, àyípo 32 ló sì kù tí yóò fi táyà wọ̀nyẹn sá. Kimi Räikkönen ló ń lé e bọ̀, ẹni ọdún 36 tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé rí, tó sì ti wà lẹ́nu eré yìí láti ọdún 2001, nígbà tí Verstappen ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí awakọ̀ bá ń sá eré àsápajúdé lórí táyà tó ti ń gbó, táyà á gbóná jù, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú mọ́. Verstappen kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń rọra yí kọ́nà, ó ń pa agbára táyà mọ́ de ibi tí ọ̀nà bá tọ́ gbọọrọ tí Räikkönen ti lè ya á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òpin, ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àgbà ni.

Níbo ni ọmọ ọdún 18 ti rí i kọ́? Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wa káàtì, ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ eré ìje. Jos bàbá rẹ̀ ti wa ọkọ̀ Formula One; Sophie Kumpen ìyá rẹ̀ ti gbajúmọ̀ nínú eré káàtì. Ní ọdún 2012, ní Sarno ní ilẹ̀ Ítálì, ìwàǹwára mú kí ìdíje ńlá kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n yà á sílẹ̀, ó fẹ́ gba ipò rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ló bá kọlu ẹlòmíràn. Inú bí bàbá rẹ̀ débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé káàtì, ọmọ ọdún 15. Ẹni tí ayé ń pè ní ọmọdé ní Barcelona ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́tàlá lẹ́nu iṣẹ́. Owó kékeré kọ́ ni àwọn òbí sì ń ná sí eré káàtì. Anthony Hamilton, bàbá Lewis, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Grenada, ń ṣe iṣẹ́ bíi mélòó kan pọ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè rí káàtì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó lẹ́bùn ló ní irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, òwe kò tíì fi Verstappen sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn Barcelona, ní Monaco, níbi tí ògiri ti fún ọ̀nà mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ó forí ọkọ̀ sọ ògiri nígbà tí wọ́n ń du ipò ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì nínú eré gan-an. Ó di ọdún 2021 kó tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Sebastian Vettel, ọmọ Jámánì. Ní ọdún 2007, ní Fuji ní ilẹ̀ Japan, òjò ńlá ń rọ̀, ọmọ ogún ọdún yìí sì wà ní ipò kẹta lẹ́yìn ọkọ̀ ààbò tó ń darí wọn jẹ́jẹ́. Ó ṣèèṣì kọlu Mark Webber tó wà níwájú rẹ̀, eré sì parí fún àwọn méjèèjì. Vettel sunkún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, òjò tún rọ̀, ní Monza. Toro Rosso, ẹgbẹ́ kékeré tí kò borí rí, ni Vettel ń wakọ̀ fún. Ipò kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀, ipò kìíní náà ló sì parí sí. Ó di ọdún 2010 kó tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọmọ ọdún 23, kò sì tíì sí ẹni tó kéré jù ú lọ tó gbà á. Òjò Fuji ló kọ́ ọ ní ohun tó fi borí òjò Monza. Èmi kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ni àjọ FIA tó ń ṣàkóso eré náà sọ di òfin. Nígbà tí Verstappen kọ́kọ́ díje ní Melbourne ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ọmọ ọdún 17 ni, kò tíì ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ojú títì. Láti ọdún 2016, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ Formula One gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, kó ti lo ọdún méjì nínú ìdíje kékeré, kó sì ti kó 40 máàkì jọ níbẹ̀. Ní 2024, wọ́n ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 17 tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá yọ gedegbe.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í pẹ́ láyé tó láti ní àkísà kankan. Ọmọ Mexico kan, Ricardo Rodríguez, wa ọkọ̀ Ferrari ní Monza ní ọdún 1961. Ọmọ ọdún 19 ni, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Formula One nìyẹn, ipò ìbẹ̀rẹ̀ kejì ló sì gbà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1962, ó kú nígbà ìdánrawò ní Mexico City, ọmọ ogún ọdún. Ní ti Verstappen, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn kúrò nídìí ọkọ̀ tó fọ́ ní Monaco. Ààbò tó wà nínú ọkọ̀ òde òní ló jẹ́ kí ọmọdé lè ṣe àṣìṣe kó sì padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ewu ti tán. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ní Suzuka, lọ́jọ́ Ẹtì tí Verstappen kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò níbi ìdíje Formula One, awakọ̀ mìíràn, Jules Bianchi, wà lórí pápá kan náà. Lọ́jọ́ Àìkú ló ní ìjàǹbá tó gbẹ̀mí rẹ̀ lọ́dún kejì.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn ẹgbẹ́ kan ṣe ń gbé ọmọdé wọṣọ àgbà, tí wọ́n sì ń bọ́ ọ lára rẹ̀ kó tó gbó. Jaime Alguersuari, ọmọ Sípéènì, bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ní ọmọ ọdún 19. Ní ìparí 2011, Toro Rosso ní kó máa lọ. Ní 2015, ó fi eré ìje sílẹ̀ pátápátá. Ẹ fi èyí wé Kimi Antonelli, ọmọ Ítálì tí Mercedes gbé wọlé ní 2025 ní ọmọ ọdún 18. Ó ṣe ipò kẹrin nínú òjò ní Melbourne, ó ṣe ipò kẹta ní Kánádà, lẹ́yìn náà ni nǹkan dojú rú fún un nínú àwọn ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Mercedes kò lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú rẹ̀ fún 2026. Ní oṣù Kọkànlá, ní São Paulo, ó ṣe ipò kejì.