Dìgírì Ọ̀nà Jíjìn Kò Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìbàdàn

Bódìjà ni mo ti ń gba ohùn yìí sílẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ forí jì mí.

Àbúrò mi fẹ́ gba dìgírì kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lè ríṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì. Owó ata tí màmá wa ń tà ni a ó fi san án. Màmá ní, "Dìgírì orí fóònù? Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìtàn rẹ̀ ná.

Ó ti pẹ́. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń fún ẹni tí kò sí lọ́gbà rẹ̀ ní dìgírì, bó bá ti yege ìdánwò. Ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tí wọ́n fi gba B.Com. ní 1944. Inú lẹ́tà ni ẹ̀kọ́ ti ń wá. Ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ Lọ́ńdọ̀nù.

Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù nìyí: kí dìgírì tó dé, wọ́n ti mọ ṣọ́tíháńdì àti táípúráítà. Akọ̀wé ni wọ́n ní Wesley College, Ìbàdàn níbí, láti 1932 sí 1934. Lójú tèmi, ṣọ́tíháńdì ni kóòdù ayé ìgbà yẹn. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀, ìwọ á kọ ọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní pẹ́ hàn.

Kí ló wá jẹ́ kí dìgírì inú lẹ́tà níyì? Ìdánwò ni. Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é, kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kódà nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn dé ní 1948, dìgírì Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ títí di 1962.

Ti ìjọba wa ńkọ́? Ṣàgàrí dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tì í pa ní 1984, ó di 2002 kó tó tún ṣí. Ọdún 18! Bóyá ibẹ̀ ni iyèméjì màmá ti wá, ta ló mọ̀?

Mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ wò ó bóyá àjọ NUC fọwọ́ sí ilé ìwé náà, kó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò wọn. Màmá gbà láti san ti sáà àkọ́kọ́. Àmọ́ wọ́n ní kó tó di pé owó jáde, kó ṣe app kan tí yóò máa bá àwọn ka gbèsè àwọn oníbàárà. Láti àná ló ti ń ṣe é.